Ojú Pínnì Nínú Ìwé Bàbá

Páálí méjìdínlógójì ni wọ́n fi kó ìwé ọkùnrin náà wá sí ilé ìtọ́jú ìwé àtijọ́. Òógùn bo àwọn agbẹ́rù mẹ́ta kí wọ́n tó rí gbogbo rẹ̀ gbé gun àtẹ̀gùn dé òkè. Ẹni tó ni ìwé ti kú láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Olóòtú eré orí ìtàgé ni, ó sì tún ṣe fíìmù mọ́kànlá kí ọlọ́jọ́ tó dé. Nígbà ayé rẹ̀, kò sí ìwé tó bọ́ sí i lọ́wọ́ tó sọ nù: lẹ́tà, ìwé eré, àwòrán, tíkẹ́ẹ̀tì, ìwé tí wọ́n fi bú u, ìwé tí òun náà fi bú wọn padà. Bébà tí wọ́n fi wé búrẹ́dì pàápàá, tó bá ti kọ ọ̀rọ̀ kan sí i lára, ó di ohun ìpamọ́ nìyẹn.

Obìnrin tí wọ́n fi iṣẹ́ títo ìwé náà lé lọ́wọ́ ni gbogbo ilé iṣẹ́ ń pè ní Àǹtí Oníbọ̀wọ́, nítorí pé kì í bọ́ ìbọ̀wọ́ funfun ọwọ́ rẹ̀ àfi tó bá fẹ́ jẹun. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni, ó sì ti lo ọdún mẹ́jọ nídìí iṣẹ́ náà. Ká má parọ́ mọ́ ọn, ó mọ iṣẹ́. Ó mọ̀ ọ́n débi pé ó ti wá mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n, ibẹ̀ gan-an sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ gbọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀. Olóògbé kò gba ti kílíìpù, kò sì fẹ́ rí sitépúlà sójú. Abẹ́rẹ́ olórí róbótó tí àwọn aránṣọ fi ń de aṣọ mọ́ra kí wọ́n tó rán an, pínnì, òun ló fi ń so ìwé rẹ̀ pọ̀. Ó máa ń jí i lọ́wọ́ ẹni tó ń rán aṣọ eré fún un, onítọ̀hún á máa pariwo, òun á máa rẹ́rìn-ín. Àwọn òṣèré rẹ̀ kò tiẹ̀ pè é ní ọ̀gá. Bàbá Pínnì ni wọ́n ń pè é, lójú rẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀.

Pínnì tó bá sì ti wà lára ìwé fún ọgbọ̀n ọdún, ẹ mọ ohun tí yóò dà. Gbogbo rẹ̀ ti dípẹtà, ó ti ń jẹ ìwé. Òfin iṣẹ́ ni pé kí wọ́n yọ irú irin bẹ́ẹ̀ kúrò. Ṣùgbọ́n òfin náà ní ìdajì kejì: kí ẹni tó ń yọ ọ́ kọ́kọ́ fi pẹ́ńsù kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú ìwé báyìí àti báyìí ni irin yìí so pọ̀. Àǹtí Oníbọ̀wọ́ ṣe ìdajì méjèèjì láti orí páálí kìn-ín-ní dé ìkẹjọ. Nígbà tó dé ìkẹsàn-án, ó sú u. Ó ní ṣebí ojú ìwé ní nọ́ńbà, kí lòun tún ń kọ sílẹ̀? Ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í fa pínnì yọ wàràwàrà. Ìwé tó bá wà ní kíká, ó tẹ́ ẹ; èyí tó bá fẹ̀ ju páálí lọ, ó kó o lọ sínú dúrọ́ọ̀ pẹlẹbẹ tí wọ́n ń kó àwòrán ìpolówó sí. Iṣẹ́ ń ya. Pínnì irínwó ó lé méjìlá ló yọ. Ó kó wọn sínú agolo bisikíìtì, ó gbé agolo náà sórí tábìlì bí ẹni gbé ife-ẹ̀yẹ.

Ọ̀gá rẹ̀ rí i, ó sì yìn ín. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ kan ni ọ̀gá yìí, Ẹ-Rọra ni ìnagijẹ rẹ̀, torí pé ọ̀rọ̀ yẹn ló fi ń kí ènìyàn, òun náà ló fi ń bá ènìyàn wí.

“Ẹ rọra,” ló wí lọ́jọ́ náà, ó ń wo agolo. “Iṣẹ́ ńlá lo ṣe yìí o.”

Inú Àǹtí Oníbọ̀wọ́ dùn dé ìdí ọkàn.

Oṣù kan lẹ́yìn náà, àwọn tó ni ilé ìṣeré ńlá àárín ìlú kọ̀wé wá. Wọ́n ti tún òrùlé ilé náà ṣe, wọ́n sì fẹ́ fi eré tí Bàbá Pínnì ń gbáradì fún nígbà tó kú ṣí i, eré oníbodè afárá, tí ẹnikẹ́ni kò tíì wò rí. Ìròyìn náà jáde nínú ìwé ìròyìn. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tí obìnrin kan fi wọ yàrá ìkàwé lọ́sàn-án ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó wọ bàtà pẹlẹbẹ, ó gbé báàgì ńlá kọ́ apá, aago rẹ̀ sì wà láyà bí ti àwọn nọ́ọ̀sì.

“Ẹ káàsán o,” ló wí. “Ìwé bàbá mi ni mo wá wò.”

“Ẹ káàbọ̀, mà. Ta ni bàbá yín?”

“Bàbá Pínnì.”

Àǹtí Oníbọ̀wọ́ dìde dúró ṣánṣán. Ó ti tó oṣù mẹ́rin tó ti ń bá ọkùnrin náà gbé. Ó mọ ìwé tó kọ nígbà tó ń bínú, ó mọ èyí tó kọ nígbà tí ehín ń dùn ún. Kí ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ wá dúró níwájú òun, ó dà bíi pé àlejò ilé òun ló dé. Ó fa àga, ó kúnlẹ̀ kí obìnrin náà dáadáa, ó ní kí ó béèrè ohunkóhun tó bá fẹ́.

“Nǹkan kan ṣoṣo ni,” obìnrin náà dáhùn. “Agbẹ̀bí ni mí, àwọn aláboyún ń dúró dè mí, mi ò ní gbà yín lákòókò. Ẹ máa bá mi wò ó bóyá pínnì wà lára ojú ìwé tèmi nínú eré oníbodè.”

“Pínnì, mà?”

“Àṣẹ ẹgbẹ́ bàbá mi nìyẹn. Ojú ìwé tó bá ti gba pínnì ti wọlé, òun ni wọ́n máa ṣe. Èyí tó bá wà lásán, wọ́n ti gé e. Tí bàbá mi bá wá yọ pínnì ojú ìwé tìẹ níṣojú gbogbo èèyàn, kó o máa lọ sílé nìyẹn. Kò ní bú ẹ, kò ní lù ẹ́. Wọ́n ti lé ẹ.”

Agbẹ̀bí yìí kò jẹ́ kí ohùn òun yí padà bó ti ń sọ ìyókù. Ọmọ ọdún méjìlélógún ni nígbà náà, ó wà nílé ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì, òun sì ni bàbá rẹ̀ fún ní ipò ọmọbìnrin oníbodè. Ó pẹ́ dé ìdánrawò lẹ́ẹ̀kan, ó pẹ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ìgbà kẹta, nínú oṣù karùn-ún ọdún náà, obìnrin kan ń rọbí lọ́wọ́ rẹ̀, kò lè fi í sílẹ̀. Nígbà tó dé ilé ìṣeré, tòun ti ẹ̀jẹ̀ lára aṣọ, bàbá rẹ̀ wò ó láti òkè dé ilẹ̀. Ó yọ pínnì. Ó kó ojú ìwé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tí ọmọ náà wà nínú rẹ̀ sórí bẹ́ǹṣì.

“Mo bá tèmi lọ,” ni agbẹ̀bí wí. “Mo ń retí kó ránṣẹ́ pè mí. Òun náà, mo rò pé ó ń retí kí n wá tọrọ àforíjì. Olóríkunkun ni wá nílé wa. A wà lẹ́nu ẹ̀ títí oṣù kejì ọdún kejì fi dé, tí wọ́n wá pè mí pé ó ti kú.”

“Ẹ pẹ̀lẹ́, mà.”

“Ó ti pẹ́. Àmọ́ àwọn ará ilé ìṣeré fún mi ní ìwé yìí kí n fọwọ́ sí i pé kí wọ́n ṣe eré náà.” Ó fi ọwọ́ gbá báàgì rẹ̀. “Mi ò tíì fọwọ́ sí i. Mi ò lè jókòó kí n máa wo eré tí bàbá mi lé mi jáde nínú ẹ̀ tó fi kú. Tó bá dá pínnì mi padà kó tó lọ, ẹ̀ẹ́n, mo ní bàbá. Tí kò bá dá a padà, màá ti mọ̀. Ẹ ṣáà bá mi wò ó.”

Páálí kẹsàn-án ni eré oníbodè wà. Àǹtí Oníbọ̀wọ́ rìn lọ sẹ́yìn, ó gbé fáìlì náà wá. Ojú ìwé wà nínú rẹ̀ ní títò, láti orí oókan dé orí méjìdínlọ́gọ́rin, kò sí ẹyọ kan tó yẹ̀. Iṣẹ́ tó mọ́ tónítóní. Agbẹ̀bí ṣí i, ó ṣí i, ó dé orí ogójì, ó dé orí mọ́kànlélógójì tó jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀ tirẹ̀. Ó yí igun ìwé náà wò síwá, ó yí i wò sẹ́yìn.

“Pínnì dà?”

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́: ìjẹ́wọ́ wà lẹ́nu Àǹtí Oníbọ̀wọ́. Ṣùgbọ́n ojú ń tì í, ẹni ojú bá sì ń tì, ẹnu rẹ̀ a máa wá ọ̀nà ẹ̀bùrú.

“Kò sí pínnì lára wọn, mà,” ló wí.

Kò parọ́. Kò sì sọ òótọ́. Agbẹ̀bí mi orí lẹ́ẹ̀mejì. Ó pa fáìlì dé jẹ́jẹ́, ó dìde, ó ní ẹ ṣeun, ẹ ṣe é gan-an ni. Ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́ apá, ó sì jáde bí ẹni tó ti múra ọ̀rọ̀ náà sílẹ̀ láti ọgbọ̀n ọdún.

Àǹtí Oníbọ̀wọ́ jókòó. Ó wo agolo bisikíìtì. Ó ro ohun tí ẹnu òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe: ó ti gba bàbá lọ́wọ́ ọmọ, nítorí kí wọ́n má bàa mọ̀ pé òun ya ọ̀lẹ. Ìtìjú mìíràn dé tó ju ti àkọ́kọ́ lọ, òun ló tì í sókè lórí àga. Ó já ìbọ̀wọ́ bọ́ lọ́wọ́, ó gbá agolo mú, ó sáré. Ní yàrá tí wọ́n ti ń kìlọ̀ fún ènìyàn pé kó má rìn wìrìwìrì! Ẹ-Rọra gbójú sókè nídìí tábìlì rẹ̀, kó tó ya ẹnu, obìnrin náà ti kọjá.

Àárín àtẹ̀gùn ló ti bá a.

“Mà! Ẹ dákun, ẹ dúró. Èmi ni mo yọ wọ́n.”

“Yọ kí ni?”

“Pínnì. Gbogbo wọn pátá. Wọ́n ti dípẹtà, ó sì yẹ kí n kọ ibi tí mo ti yọ ọ́ sílẹ̀, mi ò kọ ọ́. Ó sú mi ni. Pínnì lè wà lára ojú ìwé yín, ó lè má sí níbẹ̀, èmi ni mi ò jẹ́ ká mọ̀. Àwọn ló wà nínú agolo yìí.”

Agbẹ̀bí gba agolo náà. Ó mì í. Ó gbọ́ bó ṣe ń ró.

“Ṣé bàbá mi ló wà níbí?” ló béèrè, ojú rẹ̀ sì le. “Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o mọ ohun tó o ṣe? Ohun kan ṣoṣo ni ọkùnrin yẹn mọ̀ ọ́n sọ fún èèyàn láyé ẹ̀, pínnì ló fi ń sọ ọ́. Ìwọ wá kó gbogbo ọ̀rọ̀ ẹ̀ dà sínú agolo bisikíìtì!”

Omi bọ́ lójú Àǹtí Oníbọ̀wọ́, kò nù ún. Agbẹ̀bí wò ó títí, ó mí kanlẹ̀.

“O ì bá má sọ fún mi, mi ò sì ní mọ̀ láéláé,” ló wí níkẹyìn. “Yéé sunkún. Jẹ́ ká padà sókè. Mo fẹ́ fojú ara mi wo ìwé yẹn dáadáa.”

Ẹ-Rọra ti ń dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà. Àǹtí Oníbọ̀wọ́ ro ẹjọ́ ara rẹ̀ fún un níṣojú àlejò, kò fi ẹyọ kan pamọ́. Ọkùnrin náà kò sọ pé ẹ rọra. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún. “Mo sì yìn ẹ́,” ló wí, “mi ò bi ẹ́ léèrè ohun kan. A jọ jẹ̀bi ẹ̀ ni.” Ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ agbẹ̀bí, ó sì fa àga tirẹ̀ náà súnmọ́ tábìlì.

Agbẹ̀bí mú ojú ìwé mọ́kànlélógójì, ó gbé e sí ojú fèrèsé, ó tẹjú mọ́ ọn.

“Ojú abẹ́rẹ́ rè é,” ló wí. “Iṣẹ́ mi nìyí. Aláboyún á sọ fún mi pé òun ò gba abẹ́rẹ́ níbì kankan rí, màá wo apá ẹ̀, màá mọ̀ pé irọ́ ni. Ẹ wò ó. Méjì. Ibí ló gbà wọlé, ibí ló gbà jáde.”

Àǹtí Oníbọ̀wọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ gbá ara rẹ̀ létí. Pínnì ló kó lọ, ihò pínnì ṣì wà! Ó sáré lọ tan tábìlì onígíláàsì tí wọ́n fi ń wo fíìmù àwòrán, èyí tó ní iná lábẹ́. Ó wọ ìbọ̀wọ́ mìíràn, ó to ojú ìwé lé e lórí lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìmọ́lẹ̀ gba inú ihò kọ̀ọ̀kan yọ sókè, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kó orí jọ.

Ohun tí Àǹtí Oníbọ̀wọ́ rí kò dùn mọ́ ọn. Ojú ìwé ogójì ní ihò, ìpẹtà pupa sì yí ihò náà ká, ó ti wọ inú bébà lọ. Márùndínláàádọ́ta rí bákan náà. Ṣùgbọ́n mọ́kànlélógójì sí mẹ́rìnlélógójì, ihò wọn funfun báláú. Pínnì gbé ibẹ̀ rí, kò sì pẹ́ níbẹ̀.

Ó wo ojú agbẹ̀bí. Ọ̀nà ẹ̀bùrú ṣì wà nílẹ̀ tó bá fẹ́. Kò gbà á.

“Mà, pínnì tó bá pẹ́ lára ìwé máa ń fi ìpẹtà sílẹ̀. Kò sí ìpẹtà lára ojú ìwé yín. Wọ́n yọ pínnì ibẹ̀, wọn ò sì dá a padà sí i.”

“Mo rí i,” ni agbẹ̀bí wí. Ó jókòó. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì lé itan bí ọmọ iléèwé. “Ó dára. Ó ti tán náà nìyẹn.”

Ẹ-Rọra ń wo ilẹ̀. Ó dun Àǹtí Oníbọ̀wọ́ dé eegun. Nítorí pé kò lè wo ojú obìnrin náà, ó tún tẹjú mọ́ tábìlì oníná, ìgbà yìí ló sì rí ohun tí oṣù mẹ́rin kò jẹ́ kó rí. Ojú ìwé ogójì kò ní àwọ̀ kan náà káàkiri. Àbàwọ́n ràkọ̀ràkọ̀ kan wà láàárín rẹ̀, igun mẹ́rin ló ní, ó kéré sí ìwé náà fúnra rẹ̀. Ó gbé márùndínláàádọ́ta wò: àbàwọ́n kan náà, níbì kan náà.

“Ọ̀gá,” ló pè, ohùn rẹ̀ sì ti yí padà. “Ẹ wo èyí, sà. Nǹkan kan sùn sáàárín ogójì àti márùndínláàádọ́ta fún ọgbọ̀n ọdún, ó fi àwọ̀ ara ẹ̀ sílẹ̀.”

“Ojú ìwé mẹ́rin yẹn ni,” Ẹ-Rọra dáhùn.

“Rárá, sà. Èmi ni mo fi nọ́ńbà tò wọ́n síbẹ̀, bákan náà ni àwọn yẹn sì ṣe tóbi pẹ̀lú ogójì. Èyí kéré, ó sì nípọn. Ó jọ pé ìwé tí wọ́n ká ni.”

Ó ti rántí. Nínú páálí kẹsàn-án, lọ́jọ́ tí iṣẹ́ sú u, ó yọ pínnì kan tó le, ìwé ńlá kan tí wọ́n ká sí mẹ́rin sì jábọ́ sí i lọ́wọ́. Ó tú u, ó rí i pé kàlẹ́ńdà ara ògiri ni, èyí tí wọ́n ń fa ewé rẹ̀ ya tí oṣù bá parí. Ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìkọ̀wé, kò kà á. Ó fẹ̀ ju páálí lọ, ó sì gbé e lọ síbi tí àwọn ohun fífẹ̀ ń gbé. Ó yẹ kó fi ìwé pélébé kan rọ́pò rẹ̀ láti sọ ibi tó lọ. Ẹ ti mọ̀ pé kò fi nǹkan kan síbẹ̀.

Ó fa dúrọ́ọ̀ kẹta yọ. Àwòrán ìpolówó, àwòrán ìpolówó, àwòrán ìlẹ̀kùn kan tí wọ́n fẹ́ kàn fún ìtàgé, lẹ́yìn náà ewé kàlẹ́ńdà mẹ́rin. Oṣù kẹjọ ló wà lókè, ìkẹsàn-án tẹ̀ lé e, ìkẹwàá tẹ̀ lé e, ìkejìlá wà nísàlẹ̀. Ó gbé wọn wá sórí tábìlì, ó fi sùúrù ká wọn padà sí ojú ìlà tí wọ́n ti ká wọn rí. Igun kan di ìpele lé ìpele. Ihò wà nínú ìpele kọ̀ọ̀kan, ìpẹtà pupa sì wà lẹ́nu gbogbo ihò náà. Ó gbé e lé ojú ìwé ogójì. Ihò bọ́ sórí ihò, àbàwọ́n bọ́ sórí àbàwọ́n, kò yẹ̀ ní ìwọ̀n irun.

“Oṣù wo lẹ ní ẹ kúrò, mà?”

“Oṣù karùn-ún.”

“Ìwé yìí kò lè kúrò lára ògiri kí oṣù kẹjọ tó parí. Lẹ́yìn tí ẹ lọ ló kọ ọ́. Ó sì fi pínnì so ó mọ́ eré. Ó wà níbẹ̀ títí èmi fi dé.”

Agbẹ̀bí kò gbé ọwọ́ sí i. “Kà á fún mi,” ló wí. “Mi ò lè kà á.”

Àǹtí Oníbọ̀wọ́ tú ewé àkọ́kọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ìkọ̀wé bàbá náà rí wágunwàgun, ó fagi lé ọ̀rọ̀ káàkiri, ó kọ sí ẹ̀gbẹ́. Nínú ojú ìwé tí wọ́n gé, oníbodè ti ẹnu ọ̀nà afárá mọ́ ọmọ rẹ̀ nítorí pé ó pẹ́ dé, ọmọ náà sì yí padà sínú òjò. Nínú èyí, aago lù, gbogbo ará ìlú kọjá tán, oníbodè kò ti ẹnu ọ̀nà. Ó gbé àpótí ìjókòó jáde, ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ irin ìdènà. Sójà kan bi í léèrè ohun tó ń dúró dè. Oníbodè sì dáhùn pé: “Ọmọ mi wà lódìkejì. Iṣẹ́ ló dá a dúró. Èmi rò pé ìyà ló yẹ kí n fi jẹ ẹ́, mo sì ti fi ara mi jìyà tó. Iṣẹ́ tó dá a dúró sàn ju ìbínú tí mo fi lé e lọ. Lọ sùn, sójà. Èmi ni mo ni kọ́kọ́rọ́.”

Ẹ-Rọra yọ aṣọ ìnujú jáde, ó fun imú. Agbẹ̀bí ń wo ògiri, etí rẹ̀ nìkan ló ń ṣiṣẹ́.

Ewé tó kẹ́yìn, ti oṣù kejìlá, kò ní eré lẹ́yìn. Àkọsílẹ̀ àwọn tí yóò ṣe eré ló wà níbẹ̀, ipò lápá kan, ìnagijẹ òṣèré lápá kejì. Àǹtí Oníbọ̀wọ́ kà á: oníbodè, Olóhùn-Iyọ̀. Sójà, Kúńdi. Oníṣòwò, Ìyá Onígẹ̀lẹ̀. Ó wá dé ipò tó kẹ́yìn.

“Ọmọ oníbodè,” ló kà. “Kò kọ ìnagijẹ kankan síwájú ẹ̀, mà. Ohun tó kọ ni ‘Ó ń bọ̀.’”

Agbẹ̀bí fò dìde.

“Kí lo pè é?”

“‘Ó ń bọ̀.’ Bó ṣe kọ ọ́ nìyí.”

“O ò mọ ohun tó o kà yẹn,” ni agbẹ̀bí wí, ọwọ́ rẹ̀ sì wà láyà. “Tí wọ́n bá ń pe orúkọ kí ìdánrawò tó bẹ̀rẹ̀, tí ẹnì kan ò sí níbẹ̀, wọ́n lè sọ pé kò wá, kí wọ́n fi ẹlòmíì dípò ẹ̀. Àmọ́ tí bàbá mi bá ti sọ pé ‘Ó ń bọ̀’, ó parí. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ipò ẹ̀. Wọ́n á gbé àga ẹ̀ kalẹ̀, àga yẹn á wà bẹ́ẹ̀ títí á fi dé. Oṣù kejìlá! Oṣù méje lẹ́yìn tí mo lọ, àga mi ṣì wà nílẹ̀. Èmi sì wà nílé, mò ń ṣe ìyàngà.”

Ó na ẹ̀yìn rẹ̀ gbọn-in, ó fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ rẹ̀ síwájú, ó sì fi ohùn kan tí Àǹtí Oníbọ̀wọ́ kò mọ̀ pé ó wà nínú rẹ̀ sọ pé:

“Mo dé o, Bàbá!”

Àwọn méjì tó ń kàwé lọ́nà jíjìn yí orí padà. Ẹ-Rọra, tó ti ń pa àwọn ènìyàn lẹ́nu mọ́ ní yàrá náà láti ogún ọdún, ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Omijé dé wàyí, ó dé bí òjò, agbẹ̀bí sì tẹ̀ síwájú sórí tábìlì.

“Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ má sunkún sórí ìwé!” Àǹtí Oníbọ̀wọ́ gbá a ní apá, ó fà á sẹ́yìn. Òun náà ń sunkún, ó ń na ọrùn sẹ́yìn kí tirẹ̀ má bàa kán sílẹ̀. Wọ́n wo ara wọn bí wọ́n ṣe rí, ni ẹ̀rín bá pa àwọn méjèèjì, wọ́n di ara wọn mú, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ìhà fi ń dùn wọ́n.

Nígbà tí ojú wọn gbẹ, Àǹtí Oníbọ̀wọ́ mú pẹ́ńsù àti ìwé pélébé. Ó kọ ọ́ pé ewé kàlẹ́ńdà mẹ́rin wọ̀nyí ló wà láàárín ojú ìwé ogójì àti márùndínláàádọ́ta, pé pínnì kan ló so wọ́n pọ̀, àti pé òun lòun yọ ọ́ láìkọ ọ́ sílẹ̀. Ó fi orúkọ rẹ̀ sí i. Ẹ-Rọra gbà á, ó fi tirẹ̀ náà sí i.

Agbẹ̀bí ti yọ ìwé ilé ìṣeré jáde nínú báàgì. Bírò kò gbọ́dọ̀ wọ yàrá ìkàwé, nítorí náà wọ́n jọ jáde sí ẹnu àtẹ̀gùn, ó gbé ìwé náà lé ògiri, ó fọwọ́ sí i.

“Ṣé wọ́n ti rí ẹni tó máa ṣe ọmọ oníbodè?” ló béèrè.

“Wọn ò tíì rí, mà,” ni Àǹtí Oníbọ̀wọ́ dáhùn. “Wọ́n ní àwọn ń wá ọmọbìnrin kan. Àbí kí n sọ fún wọn pé ẹ̀yin...”

“Èmi ẹni ọdún mẹ́rìnléláàádọ́ta? Kí n máa sáré lórí afárá pẹ̀lú orúnkún yìí?” Ó rẹ́rìn-ín, ó na ìwé náà sí i. “Sọ fún wọn pé mo ti fọwọ́ sí i. Kí wọ́n wá ọmọ tó ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́. Tó bá sì pẹ́ dé ìdánrawò, kí wọ́n dúró dè é.”